Kí Ojú Síkírìn Tó Là

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ṣómólú, fírémù ló gbé lé mi lọ́wọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan íńkì. Pákó mẹ́rin ni wọ́n kàn pọ̀, tí wọ́n wá na aṣọ organza sí lójú; òun là ń pè ní síkírìn. Ó ní kí n fi ìka ta á. Mo ta á, ó dún bọ̀ọ̀. "Tú u," ni ọ̀gá wí, "kó o tún un nà." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú organza yẹn kí ó tó dún bí awọ gángan, pínnì tí a fi ń kàn án mọ́ pákó sì ti gún mi ní gbogbo ìka. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fìyà jẹ mí ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo tó fojú ara mi rí i pé bí síkírìn bá dẹ̀, àwòrán á máa sún kúrò láyè rẹ̀ bí a ti ń fa íńkì, ìlà kan á sì di méjì.

Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé tí a bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ nǹkan, Ṣómólú la ó kọ́kọ́ dárúkọ. Kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìpè ìyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o. Láti òpópónà ni òórùn íńkì àti kẹrosíìnì ti ń kí ènìyàn káàbọ̀. Àwọn ẹbí mi kò lóye ohun tí mo lọ ń ṣe níbẹ̀, àfi ìyá bàbá mi, tó jẹ́ aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta.

Kò yani lẹ́nu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń wo àwọn ọkùnrin tó ń bá ìyá àgbà ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á tẹ́ páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí lára lé aṣọ funfun, wọ́n á fa ẹ̀kọ láfún kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní lè wọ̀ ọ́. Ní Ṣómólú, emulsion, oògùn tí a fi ń ra ojú síkírìn, ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ yẹn: ó dí ibi tí a kò fẹ́ kí íńkì gbà. Ìyàtọ̀ kan ló wà tó dùn mọ́ mi gan-an. Bí ènìyàn bá gé lẹ́tà "O" sára páànù, àárín rẹ̀ á já bọ́, àfi tí ó bá fi páànù díẹ̀ sílẹ̀ láti so ó mọ́ etí. Òwú organza ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, òun ló di àárín "O" mú. Nígbà tí Samuel Simon, ará Manchester, gba ìwé àṣẹ lórí irú iṣẹ́ yìí ní 1907, sílíkì ni wọ́n ń nà sójú fírémù. Orúkọ sílíkì yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà iṣẹ́ wa títí dòní.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ìyá àgbà. Ó gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gba ọ̀pọ̀ àkókò mi lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ṣíṣí ojú síkírìn. A ó po emulsion mọ́ dichromate, oògùn kan tó pupa bí epo. Oògùn yẹn kò ṣeé fọwọ́ kàn lásán, ó lè fa jẹjẹrẹ. Ọwọ́ lásán ni ọ̀gá mi fi ń pò ó láti ọdún pípẹ́, àárín ìka rẹ̀ a sì máa là. Nígbà tí mo ra ìbọ̀wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yòókù ní dókítà dé. A ó fi emulsion yìí ra ojú organza ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, fáànù á máa fẹ́ sí i. Bó bá gbẹ, a ó lẹ àwòrán dúdú mọ́ ọn, a ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó di inú oòrùn. Ibi tí oòrùn bá rí á le. Ibi tí dúdú bò, omi á fọ̀ ọ́ lọ, ojú á sì là níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mélòó nínú oòrùn? Mo bi ọ̀gá títí ó fi sú mi. Òkè ló máa ń wò, á ní, "Ó kù díẹ̀." Nígbà tó yá, mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: bí ojú ọ̀run ṣe rí, ìṣẹ́jú tí a lò, ohun tó ṣẹlẹ̀. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn àsìkò òjò tí ìkùukùu bò. Ti ọyẹ́ tún wá yàtọ̀: eruku á bà sórí gíláàsì, yóò ṣíji bo emulsion, ihò wínníwínní tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ á là káàkiri.

Ìgbà tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ni ti ìgbéyàwó kan ṣẹlẹ̀. Ogójì tíṣẹ́ẹ̀tì, ỌRẸ ỌKỌ IYAWO gàdàgbà láyà. Mo gbàgbé síkírìn sínú oòrùn díẹ̀. Àmì kékeré ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ gbé mì, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn lẹ́tà là dáadáa. Àwọn àmì abẹ́ wọn kò là, n kò sì rí i títí mo fi tẹ ogójèèjì tán. Ọkọ ìyàwó di oko ìyàwó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á rò pé ilẹ̀ tí ìyàwó fi ń gbin ẹ̀gẹ́ ni. Ọkàn àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó kò mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kò bá mi wí. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan fún mi. Àmì mẹ́rin lára tíṣẹ́ẹ̀tì kan, 160 lápapọ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lẹ́nu rẹ̀.

Ti frídọ́ọ̀mù tí mo ṣe nígbà tí mo parí ìkọ́ṣẹ́ kò ní ìtàn: ráìsì, mínírà, àdúrà, fọ́tò. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bàrígà. Lóṣù kẹrin, ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìsìnkú wá, 60 tíṣẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán ìyá wọn. Plastisol ni mo lò. Íńkì yẹn kì í gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, bó ṣe wà náà lẹ ó bá a. Ooru ló ń mú un jinná, nǹkan bí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius (nọ́ńbà yẹn tún rí mi), ó sì gbọ́dọ̀ jinná dé ìsàlẹ̀. NEPA mú iná lọ nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, jẹnẹrétọ̀ mi kò sì lè gbé ẹ̀rọ ooru. Mo dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo fọwọ́ kan íńkì, kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá kó iṣẹ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, àkọ́bí olóògbé wọlé pẹ̀lú lailọ́ọ̀nù kan. Ó na tíṣẹ́ẹ̀tì tó ti fọ̀ síwájú mi. Gèlè ìyá náà ṣì wà. Etí kan ṣì wà. Ojú ti lọ.

Kò pariwo. Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá wa kú lọ́sẹ̀ yìí."

Mo ra 60 mìíràn ní Yábàá, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, n kò gba kọ́bọ̀. Èrè oṣù mẹ́rin bá a lọ, owó ilé sì tún kù. Àárín òru tí mò ń fa íńkì yẹn ni ìbéèrè ìyá àgbà padà wá sí mi létí. Aláró ni, ó ti rí oríṣiríṣi àwọ̀ tó bá omi lọ.

Láti ìgbà náà, tí oníbàárà bá pè é ní 60, 61 ni mò ń tẹ̀, owó ẹyọ kan yẹn sì ti wà nínú iye tí mo dá lé e. Òun ni mo ń rì sínú báàkẹ́ẹ̀tì. N ó fi ọṣẹ bó o, n ó fún un gbẹ, n ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á: íńkì tó jinná á bá aṣọ nà, èyí tí kò jinná á sán. Iṣẹ́ kò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi kí eléyìí tó gbẹ lórí okùn.

N kì í lè ta àwọn ẹyọ yìí, n kì í sì í lè jù wọ́n nù. Àpótí mi kún fún ayẹyẹ ọlọ́jọ́ọ̀bí tí wọn kò pè mí sí, àti òkú tí n kò mọ̀. Ọmọ mi a máa na ìka sí mi láyà, á ní, "Màmá, ta nìyí?" Bàbá kan láti Ìjẹ̀bú Òde ni mo wọ̀ sùn lánàá. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fọ̀ ọ́, eyín iwájú rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ṣì hàn kedere.