Ìwé Atọ́nà fún Ẹlẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Elelenwo, àwọn ọmọ wa fẹ́ gun Òkè Ìdànrè nígbà ìsinmi. Wọ́n ní kí n bá wọn yan ìwé. Ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ìwé àtijọ́ dà bí tíkẹ́ẹ̀tì àná, àwa ará rélùwéè mọ èyí. Èmi àti ọmọ mi tẹ̀lé irú rẹ̀ kan lọ sí etí odò níhìn-ín lóṣù keje. Omi ti gba ọ̀nà, ó mu ọmọ dé àyà! Ìyá Ikwerre kan tó ń toko bọ̀ ló fà á jáde. Ìwé Bradt tí Lizzie Williams kọ lórí Nàìjíríà jáde ní 2005; ti 2012 ni kí ẹ mú. Ìyẹn náà ti ń gbó, ẹ bi ará Ìdànrè léèrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àárọ̀ ni kí ẹ gùn ún.