Ẹ Má Jẹ́ Kí Dípọ̀ Tú Power Pack Yẹn

Manchester

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́, torí mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nídìí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yín kò tan mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ tí NEPA já iná lé yín lórí lójijì. Ẹ ní ẹ gbọ́ tí nǹkan dún “pò” lẹ́yìn rẹ̀, òórùn jíjó sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, kọ̀ǹpútà a máa kú. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ohun tí ẹ fi rẹ́rìn-ín sọ kẹ́yìn: pé Dípọ̀ ọmọ wa ti wo fídíò, pé fíúsì inú power pack ló jó, pé òun yóò tú u lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò fíúsì náà.

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kò gbọdọ̀ tú u.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ óò ní Dípọ̀ yóò ti yọ okùn iná kúrò lára ògiri, wọn ò ní tan jẹnẹrétọ̀, yóò sì wọ sálúbàtà rọ́bà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà lásán ló fẹ́ kọ ọwọ́ bọ̀. Inú power pack, àpótí irin kékeré yẹn, yàtọ̀. Iná 230 volt tó ń wọlé láti ara ògiri, àpótí yẹn máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ di irú iná tó wà nínú bátìrì, yóò sì ga tó nǹkan bíi 325 volt kí ó tó kó o pamọ́ sínú àwọn capacitor ńláńlá. Bí ẹ yọ okùn, iná náà ṣì wà níbẹ̀, bí omi ṣe ń wà nínú àmù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Nínú power pack tó pé, nǹkan wà tó ń fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ yìí ti jó. Ta ló mọ̀ bóyá ohun tó yẹ kó fà á gbẹ gan-an ló jó?

Ní ti sálúbàtà, iná yẹn kò wá ilẹ̀ lọ rárá. Ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, inú àpótí kan náà ni méjèèjì wà. Bí ìka ọwọ́ ọ̀tún bá kan ọ̀kan, tí ti òsì kan ìkejì, àyà Dípọ̀ ni iná yóò gbà kọjá. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó dà bí ohun tí kò lè ṣe nǹkan kan nínú ibẹ̀, tó wà fún títu ooru dànù, iná lè wà lára àwọn náà bó bá lọ ki okùn bọ ògiri láti dán an wò nígbà tí kò tíì dé e padà. Àbí ẹ rò pé kò ní fẹ́ dán an wò? Dípọ̀ tiwa?

Ẹ rántí Bùọ̀dá Múfú ní pálọ̀ ilé Mọ́kọ́lá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti yọ tẹlifíṣọ̀n Bàbá lára iná, ọ̀sán ni wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú àtùpà dání fún wọn. Ẹ rí bí iná ṣe sọ wọ́n lu kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ sì mọ bó ṣe pẹ́ tó kí apá wọn tó lè gbé ife omi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Dípọ̀ kò tíì dé ayé nígbà náà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ọmọ náà báyìí, ẹ óò ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé kò gbọ́n. Mo sì mọ̀ bó ṣe máa ń rí létí yín kí ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí Màámi ṣubú ní balùwẹ̀ máa jókòó sí ìlú òyìnbó, kí ó máa pàṣẹ ohun tí ẹ ó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ gba screwdriver lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fíúsì tún wà níbẹ̀. Fíúsì kì í dédé jó. Bó bá jó nínú power pack, nǹkan mìíràn ló sábà máa ń kú sẹ́yìn rẹ̀ tó pa á. Bí Dípọ̀ bá wá fi wáyà sí i, wáyà yẹn kò ní já nígbà tó yẹ kó já, ohun tó kù ni yóò jó. Ẹ wo inú ṣọ́ọ̀bù yín: bébà títí dé àjà, kọ́tìnì, àti kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mo ti bá yín jà lé lórí títí ó fi sú mi.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kọ̀ǹpútà àlòkù là ń tún ṣe. Àwọn ọ̀gá tí mo bá nídìí ẹ̀ kì í ṣí power pack. Bó bá kú, wọ́n á yọ ọ́ jù sí kọ̀rọ̀, wọ́n á fi òmíràn sí i. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn o.

Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ń yún Dípọ̀, iṣẹ́ wà fún un tí kò léwu. Kí ó kọ́kọ́ fi okùn iná monitor sí kọ̀ǹpútà náà, ó ṣeé ṣe kó bá a mu, kí ó sì lo sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Kí ó wo ẹ̀yìn power pack bóyá bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tókunbọ̀ Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà yẹn, iná tiwọn kò ju nǹkan bíi 120 volt lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìnulẹ̀ ti bọ́tìnnì yẹn sí 115, iná wa á fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wá ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ó yá power pack tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ó yọ okùn iná kúrò, kí ó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí kọ̀ǹpútà bá tan, a ti mọ òkú. Bí kò bá tan, kí ó yọ gbogbo nǹkan tó so mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, torí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára wọn lè dí power pack lọ́wọ́. Bí fáànù bá ń yí tí àwòrán kò jáde, RAM ni kí ó kọ́kọ́ fura sí: kí ó yọ ọ́, kí ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu etí rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé power pack tó jó yẹn lọ so mọ́ kọ̀ǹpútà kejì tó ń ṣiṣẹ́. Ó lè pa á. Alààyè ni kó gbé wá bá òkú, kó má gbé òkú lọ bá alààyè.

Ní ti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ béèrè, inú hard disk ló wà. Wọ́n lè yọ hard disk náà, kí wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹ bi àwọn tó ń ta tókunbọ̀ léèrè iye power pack, ẹ sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi tààrà, nítorí náà Màámi ni màá fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí èyí tí ẹ rà bá ní bọ́tìnnì pupa, kí Dípọ̀ ti sún un sí 230 kí ó tó ki okùn bọ ògiri.

Mo wà nílé lọ́jọ́ Sátidé láti àárọ̀. Kí ó pè mí lórí fídíò kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ó má sọ fún mi pé òun rò pé mo ń sùn. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sì rán wọn létí oògùn alẹ́.

Àbúrò yín,
Fẹ́mi