Igi tí Ń Sùn ní Ìgbájọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gun òkè wọ Ìgbájọ, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bolúwadúró, nígbà ọyẹ́, ẹ óò mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ọyẹ́ yìí náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igi kan níbẹ̀ lójú mi.

Frangipani ni orúkọ igi náà, ṣùgbọ́n «forget-me-not» ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é, èyí tí í ṣe «má gbàgbé mi». Níwájú ilé kan ni mo ti rí i, lẹ́bàá sàréè baálé ilé, tí ó jẹ́ olùkọ́ nígbà ayé rẹ̀. Kò ní ewé kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ olóògbé, tí wọ́n ti Èkó wálé ọdún, ní igi ti kú. Wọ́n fẹ́ gé e, kí wọ́n sì da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo iwájú ilé. Ìyá wọn kò fọhùn, ojú rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Mo fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀. Inú rẹ̀ tutù, ó ní àwọ̀ ewé, oje funfun sì yọ. Mo ní, «Ìyá, igi yín kò kú o, oorun ni ó ń sùn.» Wọ́n gbé àdá sílẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyá ránṣẹ́ sí mi pé òdòdó ti bo ẹ̀ka, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò.

Ìhà Mẹ́síkò àti erékùṣù Kàríbíà ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá. Ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Òru ni òórùn rẹ̀ ń le jù, tí yóò fi tan àwọn kòkòrò òru wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oyin kankan tí yóò fún wọn!

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó gé ẹ̀ka tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó gbé e sí abẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ó tó rì í sí ilẹ̀ oníyanrìn níbi tí oòrùn ń dé. Omi púpọ̀ a máa mú un jẹrà. Ẹ má sì jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ojú yín.

Láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Mélòó nínú àwọn tí ó sùn síbẹ̀ ni a mọ ojú oórì wọn? Ẹni tí ó bá ní igi tí ń ṣọ́ òkú tirẹ̀, kí ó ní sùúrù fún un títí òjò yóò fi rọ̀. Sùúrù ni baba ìwà.