Bí oorun bá kọ̀ láti wá lóru Ìkẹjà àti Agége, ẹ má bá a jà

Yorùbá mọ àìsùn dáadáa. A máa ń ṣe àìsùn òkú, àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe ìṣọ́ òru, àwọn mùsùlùmí sì ń jí jẹ sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Kò sí èyí tó ń bà wá lẹ́rù nínú wọn, nítorí pé àwa fúnra wa la pinnu pé a ò ní í sùn, ẹlòmíì sì wà pẹ̀lú wa. Àìsùn tó ń já èèyàn láyà ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè. Aago méjì òru ti lù, gbogbo ará ilé ń hanrun, ẹ̀yin nìkan lẹ lajú sílẹ̀, tí ẹ ń ka wákàtí tó kù kí ilẹ̀ mọ́. Irú àìsùn yìí la fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín Ìkẹjà sí Agége.

Òru agbègbè yìí kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá àdúgbò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìkẹjà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba tó wà n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ lọ́dún 1962. Nítorí pé ẹ̀rọ ńlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa lálẹ́ kó tún tàn án láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ pín òṣìṣẹ́ wọn sí mẹ́ta: ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru. Lóòótọ́, àwọn kan ti kógbá sílé. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró n'Ìkẹjà lọ́dún 2008, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti di ilé ìkẹ́rùsí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ariwo ò tán. Bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ bá dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa kùn, ẹ̀fọn á máa kọrin létí, ooru á sì mú nítorí pé iná ti lọ.

Ẹ tún rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002. Bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn sójà n'Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù, àwọn èèyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì kú sómi kánààlì ní Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó la ọjọ́ yẹn kọjá lè máa ta gìrì títí dòní bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lóru. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojo, ara rẹ̀ ló ń rántí.

Kí ló wá yẹ kí èèyàn ṣe? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oorun rí. Bí ẹ bá ti ń fi tipátipá dijú, tí ẹ ń bínú sí ara yín, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn yín á máa jí sí i. Lọ́dún 1972, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Richard Bootzin, gbé ọ̀nà kan jáde tí àwọn dókítà ṣì ń lò dòní. Ohun tó sọ ni pé kí ẹni tí oorun ò kùn má ṣe dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì máa ronú. Kó dìde, kó kúrò níbẹ̀, kó lọ ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ níbòmíì, ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wúwo ni kó padà wá. Bí oorun ò bá tún wá, kó tún dìde. Ìdí ni pé bí èèyàn bá ń fi bẹ́ẹ̀dì jà lójoojúmọ́, ara á kọ́ pé ibi ìjà ni bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ibi ìsinmi. Bí ó bá ti ṣe yín bíi pé ogún ìṣẹ́jú ti kọjá, ẹ dìde. Ẹ má wo aago rárá, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo á bèèrè pé, ‘Ibo ni kí n dìde lọ?’ Àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó nílẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ti tó, tàbí ẹní tí ẹ tẹ́ sí igun yàrá. Ẹ má jáde síta, ẹ mọ bí àdúgbò ṣe rí lóru. Iná kékeré ni kí ẹ lò. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún aago inú ara wa pé ojúmọ́ ti mọ́. Iṣẹ́ lórí aago inú ara yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta láti Amẹ́ríkà ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017. Nítorí náà, ẹ pa fóònù tì. Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ìròyìn àti àríyànjiyàn inú rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò gba agídí ló dára jù. Ẹ̀wà wà nílé tí ẹ ò tíì ṣà? Ẹ ṣà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gúsí wà? Ẹ bó o. Ẹ ká aṣọ àwọn ọmọ. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀la ló ń dà yín láàmú, owó ilé, owó iléèwé, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí kan tí Michael Scullin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 ní Yunifásítì Baylor, ní Texas, fi hàn pé àwọn tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sùn tètè sùn ju àwọn tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe tán lọ. Ẹ tún lè mí sínú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹẹ́rin, kí ẹ wá rọra mí síta títí ẹ ó fi ka ení dé ẹẹ́fà. Tàbí kí ẹ fún ọwọ́ yín pọ̀ dáadáa, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ ṣe èjìká àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà Edmund Jacobson ló kọ ìwé nípa èyí lọ́dún 1929.

Ariwo òru pàápàá, ẹ lè sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Ẹ tẹ́tí sí i láìbínú, kí ẹ máa sọ nínú ọkàn yín ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ọkọ̀ á máa já àwọn òṣìṣẹ́ òru sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọba Akran. Lọ́wọ́ ìdájí, àwọn alápatà á ti máa múra ní odò ẹran Oko-Ọba, búrẹ́dì á máa jáde gbígbóná nínú ààrò ní Agége. Iṣẹ́ búrẹ́dì yìí ti pẹ́ l'Èkó. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta lọ́dún 1921. Lẹ́yìn náà ni ladánì á pe ìrun, kọ̀ǹdọ́ á máa pariwo ní Pen Cinema, ọkọ̀ ojú irin á sì fọn fèrè lójú irin tó ti ń gba Agége lọ sí Ìbàdàn láti ọdún 1901. Ẹni tó bá ń gbọ́ gbogbo èyí á mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló lajú. Ìlú ń bá a ṣe àìsùn.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àkọ́kọ́ ni ọtí. Paraga lè gbé èèyàn sùn kíá, ṣùgbọ́n oorun náà á máa já lágbede méjì. Ìkejì ni oògùn oorun bíi Valium tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì láìrí dókítà. Ó ń di bárakú, ó sì léwu púpọ̀ bó bá pàdé ọtí nínú ara. Ìkẹta ni obì àti kọfí nírọ̀lẹ́. Ohun tó ń lé oorun lọ nínú wọn, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ìkẹrin ni jẹnẹrétọ̀. Ẹ má torí ooru tàn án sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òru, ọ̀sán ni òru tiyín. Ẹ ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, ẹ wọ awò dúdú bí ẹ bá ń darí bọ̀ láàárọ̀ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, kí ará ilé sì bá yín dín rédíò kù. Iṣẹ́ òru kì í ṣe eré. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ lọ́dún 2007, wọ́n sì tún un sọ lọ́dún 2019, pé ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ń fa àrùn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní tiyín, aago kan náà ni kí ẹ máa jí láràárọ̀, bí ẹ sùn, bí ẹ ò sùn. Bí àìsùn bá sì ń ṣe yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ń lọ sí oṣù mẹ́ta, tàbí tí ẹ ń hanrun tí èémí ń dá dúró, tí ẹ ń tọ̀ lóru léraléra, tàbí tí ayé sú yín, ẹ má dá a gbé. LASUTH wà n'Ìkẹjà, ọsibítù ìjọba wà ní Orílé-Agége, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Yábàá. Èèyàn ò ní láti ya wèrè kó tó lọ síbẹ̀. Lálẹ́ òní, bí oorun bá kọ̀, ẹ fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ gbé abọ́ ẹ̀wà sẹ́sẹ̀. Bí oorun bá dé, á bá yín níbẹ̀. Bí kò bá sì dé, ẹ̀wà ọ̀la ti wà ní ṣíṣà.