Ohun tí kò sí nínú ètò ìrìn-àjò wa sí Panamá

Aago ni ọ̀gá nínú ìrìn-àjò àjùmọ̀lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Panamá nìyẹn, kí n tó fojú kan ọkọ̀ òkun kankan. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí bọ́ọ̀sì á ti máa fọn fèrè, ẹni tó bá sì ṣì ń wá bàtà á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti jókòó. Láti London ni a ti lọ, púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ lọ ló ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó dàgbà tó ìyá mi, ó ní kí n máa pe orúkọ òun bí àwọn yòókù ti ń pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Màmá ni mo ń pè é títí a fi padà, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ọmọ Barbados ni àwọn òbí rẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, kánàlì Panamá tí a torí rẹ̀ lọ tó ohun tí ènìyàn ń ná owó lé lórí. Ọkọ̀ kékeré kan ló gbé wa wọ Miraflores láti apá Òkun Pàsífíìkì. Ọkọ̀ á wọ inú yàrá omi, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin ńlá mọ́ ọn, omi á máa ya wọlé láti òkè, ọkọ̀ á sì máa ga sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Miraflores, ẹ̀ẹ̀kan ní Pedro Miguel, títí ọkọ̀ á fi ga ju òkun lọ ní mítà 26. Lápá kejì, ní Gatún, wọ́n á tún sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ìbaaka ló ń fi okùn di àwọn ọkọ̀ ńlá mú kí wọ́n má baà fara gbá ògiri. Ṣùgbọ́n ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mú fìlà dání, ẹ mú omi dání, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò mojú àlejò.

Òjò ibẹ̀ náà kò mojú ẹnì kan. Ó rọ̀ lé wa lórí, inú ń bí mi, ni amọ̀nà wa, ọmọ Panamá, bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní owó àwọn ló ń rọ̀ yẹn. Òtítọ́ ló sọ. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń kó nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù lítà omi tí kò níyọ̀ lọ sínú òkun. Adágún Gatún ni omi yìí ti ń wá, èyí tí wọ́n sé odò Chagres láti fi ṣe, níbẹ̀ náà sì ni Panama City àti Colón ti ń rí omi mu. Nígbà tí ọ̀dá dá wọn ní 2023, ọkọ̀ tó ń kọjá lóòjọ́ já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 36 sí ohun tí kò pé 25.

Amọ̀nà yìí mọ ìtàn. Ó sọ ti Ferdinand de Lesseps tó gbẹ́ kánàlì Suez, bí àwọn Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1881 tí ilé-iṣẹ́ wọn sì wó ní 1889. Ibà àti ibà pọ́njú ń pa wọ́n, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Àwọn òpìtàn fojú bu àwọn tó kú lábẹ́ wọn sí 22,000. Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà ní 1904, dókítà Gorgas gbógun ti ẹ̀fọn, ọ̀nà sì ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ó ka orúkọ àwọn ẹnjiníà, ó ka ti àwọn ààrẹ. Nígbà tó kan àwọn tó di ṣọ́bìrì mú, ó ní, "àwọn òṣìṣẹ́ láti erékùṣù Kàríbíánì", ó sì kọjá lọ.

Màmá nawọ́ sókè. "Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí?"

Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kúrò ní Barbados lọ ṣiṣẹ́ kánàlì náà. Ó fowó ránṣẹ́ sílé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Amọ̀nà dá a lóhùn pé ibi ìsìnkú Mount Hope, lẹ́bàá Colón, ni púpọ̀ wọn wà, àmọ́ kò sí nínú ètò wa. Kí ló wà nínú ètò? Ọjà fìlà. Fìlà akẹtẹ̀ tí gbogbo ayé ń fi orúkọ Panamá pè, Ecuador ni wọ́n ti ń hun ún!

Èmi àti Màmá gba takisí. Aṣojú ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ kọ́kọ́ mú ká fọwọ́ sí ìwé pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ọrùn ara wa ló wà. A kò rí orúkọ bàbá náà ní Mount Hope. Òkúta funfun ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ayé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n sin síbẹ̀, wúrà ni wọ́n fi ń sanwó fún òyìnbó Amẹ́ríkà, fàdákà fún àwọn dúdú, kódà ibi tí kálukú ti ń gba lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ yàtọ̀ síra. Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ní 5,609 ló kú lábẹ́ tiwọn, dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Màmá dúró pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ebi ń pa òun, a sì lọ jẹ sancocho, ọbẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ń gé iṣu sí, tó bá mi lẹ́nu mu ju gbogbo oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́ ibi tí a lọ, àwọn kan bá wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Afroantillano ní Panama City. Ṣọ́ọ̀ṣì onípákó àtijọ́ ni, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn fi sílẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Kò jìnnà sí òtẹ́ẹ̀lì wa rárá, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò dárúkọ rẹ̀ fún wa.

N kò ní kí ẹ má bá ọ̀wọ́ lọ. Èmi tí n kò gbọ́ èdè Sípéènì, n kì bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ óò dé Mount Hope. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ẹ ní kí wọ́n yọ ọjà fìlà kúrò.