Ṣúgà Dúdú, Ṣúgà Funfun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti gírámà tàbí ti ewì. Ọ̀rọ̀ ṣúgà ni, ó sì kan bàbá mi.

Nígbà tí mo dé Zuba, ní agbègbè Abuja, láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yàrá kan ni mo gbà ní ilé Hajiya kan tí ń ta kúnú. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí àwọn Hausa ń pè ní mazarkwaila, ṣúgà dúdú tí ó le bí òkúta, tí wọ́n ń fi odó fọ́ kí wọ́n tó lò ó. A máa wá láti agbègbè Makarfi ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Wọn a fún omi ìrèké, wọn a sè é nínú agbada ńlá títí yóò fi ki, wọn a sì dà á kalẹ̀ kí ó gan. Yàtọ̀ sí omi tí iná gbẹ àti ìfófó tí wọ́n rẹ́ kúrò, gbogbo ohun inú omi ìrèké náà ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ìrèké yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Bacita, létí Odò Ọya, ń lò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní 1964. Ṣùgbọ́n ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa yí hóró ṣúgà bírí bírí títí omi dúdú ara rẹ̀, tí ó ki bí oyin, yóò fi jáde. Omi dúdú yìí ló ni àwọ̀, òórùn àti ìkan díẹ̀. Ṣúgà pupa tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní àwọn ilé ìtajà ńlá wà láàárín méjèèjì: wọ́n fi díẹ̀ nínú omi náà sílẹ̀, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ tún dà á padà sára èyí tí ó ti funfun. (Ẹ wo ọgbọ́n oníṣòwò! A bọ́ aṣọ lára ènìyàn, a tún fi wọ̀ ọ́, a sì gba owó lé e.)

Hajiya kì í fi ṣúgà funfun sí kúnú. "Adùn lásán ni," ni ó máa ń wí. Òtítọ́ sì ni, mazarkwaila bá atalẹ̀ àti kànáfùrù mu bí ẹni pé inú ìkòkò kan ni a bí wọn sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi rọ́ ọ sínú mílíìkì gbígbóná, ìkan rẹ̀ mú kí mílíìkì náà dì ní kókó kókó, bí ìgbà tí àwọn Fúlàní fi oje bomubomu dì wàrà. Hajiya rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún fi ṣúgà pupa po pọfupọ́ọ̀fù. Ó ti dúdú nínú òróró kí inú rẹ̀ tó jinná.

Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyí. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, ó sì ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ láìsí ṣúgà. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo ra mazarkwaila mẹ́fà, mo fi rán awakọ̀ kan ní gáréèjì Zuba, mo sì pè wọ́n pé, "Bàbá, ẹ máa mu èyí, wọn kò fi kẹ́míkà sí i." Ta ni yóò rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí kò ní yọ̀?

Kò pé oṣù kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí. Bàbá ń mu omi ṣáá lóru, wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ojú wọn ń ṣú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé dúdú ni o, funfun ni o, nígbà tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ni. Ohun aṣaralóore tí ó wà nínú ṣíbí dúdú kan kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá ohun tí mò ń lọ kọ́ ní ilé-ìwé nìyẹn. N kò rí èsì fọ̀.

Ara Bàbá ti balẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo pè láti tọrọ àforíjì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn, ó dùn gan-an ni."