Ìdánwò JAMB àti Àwa Olùkọ́ Ilé-Kéwú

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ọlọ́dọọdún ilé-kéwú wa lórí bí a ṣe lè múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Mo kọ́kọ́ rò pé ìmọ̀ràn ni mo máa kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú bírò, àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ló wá sí mi lọ́kàn. Òun náà ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé tàgbà tèwe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdánwò náà. Ní ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ láti máa bójú tó ìgbàwọlé sí yunifásítì. Kó tó di ìgbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ máa ń ṣe nínú rẹ̀. Dandan ni èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kọ́ mu. Èdè Lárúbáwá wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún ọmọ. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi ìwé àti pẹ́ńsù sílẹ̀ pátápátá, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é.

Láti Moniya wa níbí, bí ọkọ̀ bá ti kọjá Òjóò, kì í pẹ́ tí yóò fi kan ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa ń rí ẹnu ọ̀nà náà nígbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ìgboro. Rírí rẹ̀ kò jọ wíwọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2022, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti há Àlùkùránì sórí kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí a bá ń ṣe Náhúwù, òun ni mo máa ń ní kó là á yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀, ó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wà ní ilé-kéwú. Lárúbáwá ló fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo sọ fún un pé, "Ìwọ ṣáà máa ka ìwé rẹ, èyí kò le fún ọ." Ìmúrasílẹ̀ tí mo ṣe fún un kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí èsì jáde, máàkì rẹ̀ kò tó 150 nínú 400. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni Lárúbáwá, tó kéré jọjọ. Inú bí mi. Mo pè é, mo ní, "Ṣé o kò ka ìwé ni?" Ó dákẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ má bínú, Ústáàsì. Ìbéèrè Lárúbáwá mẹ́ta péré ni mo rí ṣe kí àkókò tó pé."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Àyọkà kan wà nínú rẹ̀ tí kò yé e. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún kà á. Kò mọ̀ pé òun lè tẹ orúkọ iṣẹ́ mìíràn lójú ẹ̀rọ náà, kí òun lọ ṣe é, kí òun sì padà wá. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n lórí máòsì, torí pé ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé, kí ló dé tí kò kúkú fo àyọkà náà? Ó wò mí, ó ní, "Ústáàsì, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé a kì í fi áyà kan sílẹ̀ láìtọ́ kí á tó bọ́ sí òmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Òótọ́ ló sọ. Bí a ṣe ń kọ́ kéwú nìyẹn, òun náà sì ni ọmọ yìí fi há Àlùkùránì sórí. Àṣà tó gbé e ga ní ilé-kéwú ni àṣà tó dá a dúró lójú ọ̀nà níbi ìdánwò. Àṣà náà kò burú. Èmi ni n kò sọ fún un pé ó ní ibi tí a ti ń lò ó, ó sì ní ibi tí a kì í lò ó.

Mo wá rántí ara mi. Nígbà tí mo ṣe JAMB tèmi lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí Thánáwì, pẹ́ńsù HB ni a fi ń kun àyè kékeré tó bá ìdáhùn mu. Mo fo ìbéèrè kan pé n ó padà sí i, ṣùgbọ́n n kò fo àyè rẹ̀ nínú ìwé ìdáhùn. Láti ibẹ̀ lọ, ìdáhùn 18 bọ́ sí 17, ti 19 bọ́ sí 18, títí dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ni mo tó rí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀. Àwọn olùkọ́ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kò kọ́ mi nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Èmi ti mọ ohun tí àìmúrasílẹ̀ ń ṣe, síbẹ̀ n kò kọ́ ọmọ mi. Ẹ̀bi tèmi wúwo ju tiwọn lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti fi ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún JAMB. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tó ti gbó ni a rí yá, ọmọ mẹ́fà sì ni a fi bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ lé ìbẹ̀rù ẹ̀rọ lọ. JAMB ti ṣe ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí kò mọ máòsì lò: lẹ́tà mẹ́jọ péré ti tó. A, B, C àti D wà láti mú ìdáhùn. N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn. P láti padà sí èyí tó ṣáájú. S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. R láti yí i padà. Àwọn ọmọ tó há odidi Àlùkùránì sórí, lẹ́tà mẹ́jọ kò lè ni wọ́n lára.

Lẹ́yìn náà, mo gbé aago sórí tábìlì. Òfin wa ni pé bí ìbéèrè kan bá ti fẹ́ gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ọmọ fò ó, kí ó padà sí i níkẹyìn. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá ìbéèrè kan ṣoṣo jà ti fi àkókò ìbéèrè méje ṣòfò. Mo sì ní kí kálukú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ́ ọn lára jù.

Gẹ̀ẹ́sì ni òkè tó ga jù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tí a ní lọ́wọ́ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Wọ́n lè kọ "The price of the books" fún ọmọ, kí wọ́n ní kó yan "is" tàbí "are". "Are" ni àwọn ọmọ wa ń yàn, torí pé "books" ló sún mọ́ ọn. Mo bi wọ́n pé, "Èwo ni múdáfù níbẹ̀?" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé "price" ni. "Ṣé múdáfù ni khábárì ń tẹ̀ lé ni, àbí múdáfù ílẹ́yìhi?" Ẹ̀rín sọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ṣì í mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Íṣáì, bàbá ọ̀kan nínú wọn, tó ń wa ọkọ̀ láti Moniya sí Ìṣẹ́yìn, gbé owó wá bá mi nínú ọ̀rá. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n lè bá ọmọ ṣe ìdánwò náà. Ó ní, "Ààfáà, mi ò lówó tí n ó san lẹ́ẹ̀mejì." N kò bú u. Ìfẹ́ ọmọ ló ń dà á láàmú. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka ọmọ sílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ìdánwò. Ká tilẹ̀ ní wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹlòmíràn bá bá a wọlé, ta ni yóò máa bá a jókòó fún ọdún mẹ́rin?" Ó ká owó rẹ̀, ó lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó fi epo jẹnẹrétọ̀ lítà márùn-ún rán ọmọ náà wá.

Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin wa tún ìdánwò náà ṣe. Lárúbáwá ló kọ́kọ́ ṣí, ó bọ́ sí ìmọ̀ Ìsìláàmù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kẹ́yìn. Àyọkà kan tún le fún un. Ó fò ó, ó sì rí àyè padà sí i. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Nínú àwọn mẹ́fà, mẹ́rin ló yege. Méjì kò rí i ṣe, a sì tún bá wọn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó hàn pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, tó sì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, gba ẹ̀bi náà ní gbangba, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè sọ pé àṣìṣe wà, ó yẹ kí àwa náà lè sọ ọ́ níwájú ọmọ mẹ́fà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró di ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. JAMB nìkan kò tó; ọmọ tún gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Láti kíláàsì Ídádì ni kí ẹ ti jẹ́ kó máa ka Gẹ̀ẹ́sì mọ́ kéwú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, nínú Àlùkùránì, ẹ má fo áyà kankan. Níbi JAMB, ẹ fo ohun tó bá le, kí ẹ sì padà sí i.

Kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà ìmọ̀ fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì dárí àṣìṣe àwa olùkọ́ jì wá. Àmín. Wàsàláàmù àléékúmù.